Ilẹ̀ tí epo bà jẹ́: ọ̀nà wo ló yẹ kí ẹ gbà fi bakitéríà tún un ṣe?

Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí epo dà sí ilẹ̀ rẹ̀ ni pé irú bakitéríà wo ni kí òun lọ rà. Kò yẹ kó jẹ́ ìyẹn ló máa ṣíwájú. Àwọn bakitéríà tó ń jẹ epo ti wà nínú ilẹ̀ náà kí epo tó dà sí i. Pseudomonas wà níbẹ̀, Rhodococcus wà níbẹ̀, Acinetobacter àti Mycobacterium náà kò gbẹ́yìn, torí pé ìda ara ewé àti ọ̀rá inú èso ti ń bọ́ irú wọn láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Bí epo bá dà, àwọn tó lè jẹ ẹ́ á máa bí sí i, wọ́n á sì pọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tó máa ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́ jù ni àìrí èémí mí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí bakitéríà tó lè jẹ kílò epo kan tán pátápátá, yóò lo nǹkan bíi kílò ọ́síjìn mẹ́ta àbọ̀. Nínú 1 m³ afẹ́fẹ́, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ kò ju bíi kílò 0.28 lọ. Kílò epo kan ṣoṣo á gba bíi 12 sí 13 m³ afẹ́fẹ́ nìyẹn. Omi wá ńkọ́? Lítà omi kan lọ́jọ́ tó móoru kò lè gba ju bíi mílígíráàmù ọ́síjìn 8 lọ, nítorí náà kílò epo kan yẹn náà á gba omi tó ju 400,000 lítà lọ. Ìdí rèé tí epo tó rì sínú ẹrẹ̀ fi ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí èyí tó wà nínú yanrìn gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì ti lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi ọ̀nà kan wé èkejì, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà dé ọ̀dọ̀ bakitéríà ló ń fi wéra. Ajílẹ̀, omi àti ìtújú yòókù, ẹ̀yìn afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tò sí.

Ohun mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó yan ohunkóhun

Àkọ́kọ́ ni irú epo tó dà. Dísẹ́ẹ̀lì, kẹrosín àti epo rọ̀bì tó fúyẹ́ ni bakitéríà ń jẹ dáadáa. Nínú wọn, àwọn èròjà tó gùn tààrà ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà àwọn tó yọ ẹ̀ka, lẹ́yìn náà àwọn olóbìírípo kéékèèké. Àwọn olóbìírípo ńlá ń pẹ́. Èyí tó dà bí ọ̀dà, bakitéríà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń lọ, àmọ́ ó ń fà nílẹ̀ gan-an, ó sì sábà ń ní síńkì àti àwọn irin mìíràn nínú tí bakitéríà kankan kò lè jẹ. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀ á ti fẹ́ lọ kí bakitéríà tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń tú ilẹ̀ tó kún fún pẹtiróòlù ń ti epo láti inú ilẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí ni, ó sì tún ń fi iná ṣeré. Epo àtijọ́ tó ti wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tún yàtọ̀: ohun tó ṣẹ́kù níbẹ̀ ni ohun tí bakitéríà ti kọ̀ sílẹ̀, ẹ má retí pé kó yára.

Ẹ mọ iye rẹ̀ pẹ̀lú. Láàbù á fún yín ní iye gbogbo epo tó wà nínú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní TPH, ní mílígíráàmù sí kílò ilẹ̀ kan. Tó bá ti ju 50,000 mg/kg lọ, ìyẹn ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, epo á ti dí ojú ihò ilẹ̀, á sì máa pa bakitéríà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kó èyí tó ń ṣàn tàbí èyí tó ṣùpọ̀ kúrò. Tí epo rọ̀bì náà bá wá pẹ̀lú omi iyọ̀ inú kànga epo, ẹ yẹ iyọ̀ ilẹ̀ wò, nítorí ilẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ epo tán kó má sì hu nǹkan kan.

Èkejì ni bí epo ṣe jìn tó. Ẹ fi ìlu ọlọ́wọ́ gbẹ́ ihò, kí ẹ sì máa bu ilẹ̀ ní gbogbo ìdajì mítà títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ tó mọ́ tàbí omi. Ibí yìí ni àṣìṣe tó tóbi jù ń gbà wọlé. Nínú ìwádìí lórí ilẹ̀ Ògóni tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde ní 2011, ibi 49 ni wọ́n ti bá epo nínú ilẹ̀ níbi tó jìn tó mítà 5 ó kéré tán. Katakata wo ló fẹ́ túlẹ̀ dé ibẹ̀?

Ẹ̀kẹta ni bí ilẹ̀ ṣe rí. Ẹ rẹ ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ kan, kí ẹ sì máa fi àtàǹpàkò tì í jáde lórí ìka ìlábẹ̀ bíi okùn pẹlẹbẹ. Tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ kó tó já, amọ̀ líle ni. Tí kò bá lè ṣe okùn kankan, yanrìn ni. Afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ gba inú amọ̀ kọjá, agbára ẹ̀rọ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí ìyẹn padà. Ọ̀nà mẹ́rin tí a máa fi wéra rèé:

| | Títẹ́ ilẹ̀ àti títú u | Òkìtì onípáìpù | Òkìtì tí à ń yí | Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ |
|---|---|---|---|---|
| Ọ̀nà afẹ́fẹ́ | Ohun ìtúlẹ̀ | Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ àti páìpù | Ẹ̀rọ tó ń yí i, àti koríko tàbí igi inú rẹ̀ | Kànga páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ |
| Ibi tí epo wà | Òkè ilẹ̀, tàbí èyí tí ẹ ti wà jáde | Èyí tí ẹ ti wà jáde | Èyí tí ẹ ti wà jáde | Mítà 1.5 sísàlẹ̀, lókè omi abẹ́ ilẹ̀ |
| Àyè | Ó gba àyè gan-an | Díẹ̀ | Àárín méjì | Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àyè |
| Àkókò | Oṣù 6 sí ọdún 2 | Oṣù 3 sí 12 | Oṣù 2 sí 6 | Ọdún 1 sí 3, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ |
| Ọ̀tá rẹ̀ | Òjò | Gbígbẹ | Àdàlù tó ń tan láàbù jẹ | Amọ̀ |

Àkókò tó wà níbẹ̀ jẹ́ fún dísẹ́ẹ̀lì tàbí epo rọ̀bì tó fúyẹ́ níbi tí ooru ti wà láàárín ìwọ̀n 20 sí 35 °C. Bí ilẹ̀ bá tutù ju ìwọ̀n 10 lọ, iṣẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Títẹ́ ilẹ̀ àti títú u

Tí àyè bá wà, tí epo náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ọ̀nà yìí ni a ó kọ́kọ́ wò, torí ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá oníke nípọn tàbí amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa sísàlẹ̀, ẹ fi ebè yí i ká, kí ẹ sì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 nínú mítà kan, sí ibi kòtò kan tí omi á máa gbára jọ sí. Omi inú kòtò yẹn, ẹ dà á padà sórí ilẹ̀ náà. Ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà.

Bí ilẹ̀ ṣe máa nípọn tó, ohun ìtúlẹ̀ yín ló máa sọ ọ́. Àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà sábà máa ń sọ pé sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45. Òótọ́ ni, fún ẹni tó ní katakata tí irin rẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré tí à ń fọwọ́ tì kì í kọjá sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Bí ẹ bá fi í tú ilẹ̀ tó nípọn tó 40, ìdajì tó wà lókè á mọ́, ìdajì tó wà nísàlẹ̀ á sì máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Òórùn yẹn gan-an ni àmì tó ń sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀.

Ní oṣù kìíní, ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ méjì méjì tó. Lẹ́yìn òjò, ẹ fún un láyè kó fẹ́ díẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ tí ẹ bá tú nígbà tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ bàtà á di kóńkóló. Inú kóńkóló kọ̀ọ̀kan á wá di yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti tì: epo wà níbẹ̀, bakitéríà wà níbẹ̀, èémí kò wọlé. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ sì pò ó pọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì tàbí koríko gbígbẹ.

Ní ti omi, ẹ bu ilẹ̀ sọ́wọ́ kí ẹ fún un. Ó yẹ kó ṣù, kí omi má kán, kí ó sì fọ́ tí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ. Tí kò bá ṣù, ẹ wọ́n omi sí i. Tí omi bá kán, ẹ dáwọ́ omi dúró kí ẹ sì tú u. Ilẹ̀ elépo kì í tètè gba omi nígbà àkọ́kọ́: omi á kàn máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Ẹ má ṣe tú ọṣẹ sí i kó lè gbà á. Bakitéríà lè kọ́kọ́ jẹ ọṣẹ náà kó fi epo sílẹ̀, ọṣẹ sì lè gbé epo sọ̀kalẹ̀ dé inú omi abẹ́ ilẹ̀.

Iye ajílẹ̀ tí ilẹ̀ ń fẹ́

Ìṣirò yìí wúlò fún gbogbo ọ̀nà tí a ti lè po ilẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ ká ṣe é dópin. Ẹ sọ pé ilẹ̀ yín jẹ́ mítà 10 sí mítà 10, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ìyẹn jẹ́ 30 m³, tó wọn bíi tọ́ọ̀nù 45. Láàbù sọ pé 10,000 mg/kg epo ló wà níbẹ̀, ìyẹn kílò 10 nínú tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kílò 450 lápapọ̀. Kábọ́ọ̀nù inú epo jẹ́ nǹkan bí 85%, ìyẹn bíi kílò 380.

Fún kábọ́ọ̀nù 100, náítírójìn 5 àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 ti tó. Àwọn kan ń fi náítírójìn 10 sí i, àwọn mìíràn ń lo 1. Ní tiwa, 5 ni à ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ yìí á gba bíi kílò 19 náítírójìn àti kílò 3.8 fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kílò 58 á kó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà wá tán (ẹ rántí pé 15 àárín yẹn kì í ṣe fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lásán, 6.5% péré ló jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gan-an), á sì kó náítírójìn kílò 8.7 mọ́ ọn. Èyí tó kù, yúríà kílò 22 sí 23 á parí rẹ̀.

Wàyí o, ẹ má ṣe dà á sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ yẹn bá ní omi 12%, omi inú rẹ̀ jẹ́ bíi kílò 5,400. Kílò 19 náítírójìn nínú omi yẹn jẹ́ bíi mílígíráàmù 3,500 sínú kílò omi kọ̀ọ̀kan, nígbà tó jẹ́ pé tó bá ti kọjá bíi 2,000, iyọ̀ rẹ̀ á máa fa omi jáde lára bakitéríà. Bakitéríà á dákú láàárín oúnjẹ. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ọjọ́ kìíní, ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Ilẹ̀ yanrìn tí omi rẹ̀ kéré nílò kí ẹ pín in jù bẹ́ẹ̀ lọ.

pH ilẹ̀ náà, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe kan tó, yẹ kó wà láàárín 6 sí 8. Tó bá kan jù, ẹ fi láìmù tí àgbẹ̀ ń lò sí i, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wà láàárín láìmù àti yúríà. Bí ẹ bá da àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, òórùn bí ìtọ̀ tó kan tí ẹ máa gbọ́ ni náítírójìn yín tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ.

Òkìtì onípáìpù: nígbà tí àyè kò sí, tàbí tí òjò kò jẹ́ ká sinmi

Ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ́ sórí pápá ńlá kan, ẹ lè kó o jọ sórí ìdámẹ́wàá ibẹ̀. Òkìtì náà á ga tó mítà 1 sí 3. Nísàlẹ̀, ọ̀rá nípọn. Lórí ọ̀rá, òkúta wẹ́wẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Nínú òkúta náà, páìpù oníhò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 50 sí 100, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ mítà 1.5 sí 2.5. Ẹ dí ìdí páìpù, kí ihò rẹ̀ sì dúró ní bíi mítà 1 sí etí òkìtì. Ihò tó bá dé etí á máa fa afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ ọn jù, àárín òkìtì kò sì ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tápólì bo gbogbo rẹ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí títẹ́ ilẹ̀ ni pé ẹ kò ní lè po ó mọ́ tí ẹ bá ti kó o jọ. Ajílẹ̀, omi, láìmù àti igi wẹ́wẹ́ (10 sí 30% fún ilẹ̀ tó lẹ̀) gbọ́dọ̀ ti pò pọ̀ tán kí òkìtì tó dìde. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gun orí rẹ̀ nígbà tí ẹ ń kó o. Ibi tí táyà bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní gba ibẹ̀ kọjá títí iṣẹ́ á fi parí.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń ṣe àṣejù. Ẹ wo òkìtì 100 m³, tó wọn tọ́ọ̀nù 150, tó ní 10,000 mg/kg. Epo inú rẹ̀ jẹ́ kílò 1,500. Kílò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ 12.5 m³ afẹ́fẹ́, lápapọ̀ 18,750 m³. Bí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀ ní ọjọ́ 120, ìyẹn kò ju 6.5 m³ ní wákàtí kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún, torí kì í ṣe gbogbo ọ́síjìn ni bakitéríà ń rí gbà, ó ṣì jẹ́ ẹ̀rọ kékeré. Ẹ̀rọ ńlá kò ní mú iṣẹ́ yára, ńṣe ló máa gbẹ òkìtì. Òkìtì tó bá sì gbẹ, bakitéríà inú rẹ̀ á sùn, epo á sì dúró jẹ́ẹ́. A ti rí i pé ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tó ń dún yìí á gbà pé iṣẹ́ ń lọ, nígbà tí inú òkìtì ti dà bí eruku.

Ẹ ki páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan bọ inú òkìtì, kí ẹ máa fi ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti ń lọ sí 5%, ẹ tan ẹ̀rọ. Bó bá ti ju 15% lọ, ẹ pa á. Àbí kó máa fà, àbí kó máa fẹ́? Tí epo náà bá ní òórùn líle, kó máa fà, kí afẹ́fẹ́ náà sì gba inú èédú àsẹ́ kọjá kó tó jáde. Ẹ fi àgbá tó ń gba omi ṣáájú ẹ̀rọ, torí omi á bá afẹ́fẹ́ wá. Tí òórùn kò bá jẹ́ ìṣòro, kó máa fẹ́. Ó rọrùn jù, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ ilẹ̀ jù.

Òkìtì tí à ń yí

Èyí ni ìbátan ààtàn. Òkìtì gígùn tó ga tó mítà 1.2 sí 1.5, tó ní ìgbẹ́ ẹran, koríko tàbí igi wẹ́wẹ́ bíi ìdá mẹ́ta, tí ẹ ń yí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ń yára, ó sì dára fún ilẹ̀ amọ̀ tí ohunkóhun mìíràn kò gba inú rẹ̀ kọjá. A kì í kọ́kọ́ yàn án fún ẹlòmíràn, ìdí méjì sì ni. Ìgbẹ́ tútù dùn mọ́ bakitéríà ju epo lọ, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ jẹ, wọ́n á sì lo ọ́síjìn tán lórí rẹ̀. Èkejì, ìdá mẹ́ta tí ẹ fi kún un ti dín nọ́ńbà láàbù kù lọ́jọ́ tí ẹ pò ó, láìjẹ́ pé bakitéríà kan jẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá yàn án, ẹ lo ìgbẹ́ tó ti jẹrà, ẹ bu ilẹ̀ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó tán kí nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ yín jẹ́ òótọ́, kí ẹ sì yí i bí ooru inú rẹ̀ bá ti kọjá ìwọ̀n 45.

Fífẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ilẹ̀

Epo tó wà ní mítà 4 sísàlẹ̀, lábẹ́ ilé tàbí lábẹ́ táǹkì tí a kò lè wú: ibẹ̀ ni ọ̀nà yìí kò ti ní ẹlẹgbẹ́. Ẹ gbẹ́ ihò, ẹ sọ páìpù mílímítà 50 sínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ibi tí epo wà nìkan ni páìpù náà ti lu. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ yí apá tó lu ká, kí ẹ sì fi amọ̀ bẹ́ńtónáìtì dí òkè rẹ̀ dáadáa. Bí òkè yẹn bá jò, afẹ́fẹ́ á kàn gba ẹ̀gbẹ́ páìpù padà sókè ni.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ló dùn mọ́ wa jù, torí ó ń sọ òótọ́ kí owó tó jáde. Ẹ wọn ọ́síjìn afẹ́fẹ́ inú ilẹ̀ níbi tí epo wà. Tó bá wà lábẹ́ 5%, nígbà tí ilẹ̀ mímọ́ tó wà nítòsí ní bíi 20%, bakitéríà ń jẹ epo, èémí ló wọ́n wọn: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, á ṣiṣẹ́. Tí ọ́síjìn bá ti wà ní 15% sókè láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ni ìṣòro. Ẹ wá omi, ajílẹ̀, tàbí oró kan lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé fún wákàtí 24, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì máa wọn bí ọ́síjìn ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí 2, 4, 8, títí dé ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Nínú yanrìn gbígbẹ, ọ́síjìn 1% tó bá dín kù lójúmọ́ dúró fún bíi 0.8 mg epo nínú kílò ilẹ̀ lójúmọ́. Ọ́síjìn tó ń dín ní 5% lójúmọ́ fi hàn pé 4 mg/kg ń lọ lójúmọ́. Ẹ wá fi pín iye epo yín: 2,000 mg/kg á gba ọjọ́ 500, 10,000 mg/kg á gba ọjọ́ 2,500, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méje. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni, ẹ ní kó fi ìṣirò tirẹ̀ hàn yín.

Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò ti jìn tó mítà 1, ẹ má dán an wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ̀rọ kó máa fà ni, kó má máa fẹ́, kí òórùn epo má baà gba ihò ilẹ̀ kọnkéré wọ yàrá èèyàn.

Ní ti fífi ilẹ̀ sílẹ̀ kí bakitéríà máa ṣe é fúnra rẹ̀, ó tọ́ nígbà tí epo kéré, tí omi mímu kò sí nítòsí, tí ẹnì kan yóò sì máa bu omi àti ilẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Láìsí ìyẹn, ìgbàgbé ni orúkọ rẹ̀.

Bakitéríà àpò àbí ajílẹ̀ nìkan?

Ní 1980, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbà pé èèyàn lè gba ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ (pátẹ́ńtì) lórí bakitéríà ajẹpo tí Ananda Chakrabarty ṣe nínú láàbù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibẹ̀ ni ojútùú ti máa wá. Ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez wá da epo sí etíkun Alaska ní oṣù kẹta 1989. Ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sórí apá kan àwọn etíkun náà, bakitéríà ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló sì jẹ epo. Nígbà tí wọ́n dán bakitéríà títà wò lẹ́bàá ajílẹ̀ nìkan ní etíkun kan níbẹ̀, èyí tó ní bakitéríà títà kò ṣe dáadáa ju ti ajílẹ̀ lọ.

Èrò tiwa kò yàtọ̀. Ẹ ní kí láàbù ka bakitéríà inú ilẹ̀. Tó bá ju 1,000 lọ nínú gíráàmù kan, ẹ fi ajílẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bọ́ wọn. Tó bá kéré sí ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó pa wọ́n, torí ohun tó pa onílé kò ní ṣàánú àlejò.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ dán an wò nínú abọ́ ńlá mẹ́rin, ilẹ̀ kílò 5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abọ́ kìíní, omi nìkan. Èkejì, omi àti ajílẹ̀. Ẹ̀kẹta, omi, ajílẹ̀ àti bakitéríà àpò. Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ tí láàbù ti pa gbogbo ohun alààyè inú rẹ̀. Ẹ máa tú gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹ sì wọn TPH ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkẹjọ. Ohun tó bá dín nínú abọ́ kẹrin, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ fi wé èkejì, kì í ṣe ìkíní, torí àpò bakitéríà sábà máa ń ní oúnjẹ bakitéríà nínú, oúnjẹ yẹn sì lè jẹ́ òun ló ń ṣiṣẹ́.

Kíka nọ́ńbà láàbù

Epo kì í dà bákan náà yí ilẹ̀ ká. Ẹ bu ilẹ̀ níbi márùn-ún ó kéré tán, ẹ pò ó, kí ẹ sì fún láàbù ní ìdá kan, níbi kan náà ní gbogbo ìgbà. Bí ilẹ̀ bá ní ìgbẹ́ tàbí ewé jíjẹrà nínú, ẹ ní kí láàbù fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì sẹ́ ẹ kí wọ́n tó wọn ọn, nítorí ọ̀rá ewé á hàn lórí ẹ̀rọ wọn bí ẹni pé epo ni.

TPH kì í wálẹ̀ ní ìlà tààrà. Á já lulẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa wọ́. Nígbà tó bá ń wọ́, ẹ yẹ ọ̀rinrin, pH àti náítírójìn wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọ̀kan bá ṣáko, ẹ tún un ṣe, nọ́ńbà á tún wálẹ̀. Bí gbogbo wọn bá pé tí kò sì yí padà fún oṣù mẹ́ta, èyí tó kù ni èyí tó dà bí ọ̀dà. Ajílẹ̀ kò lè mú un kúrò mọ́. Ẹ yan bóyá ẹ máa bo ilẹ̀ náà, tàbí ẹ máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ooru lé epo jáde.

Bó bá sì ti wálẹ̀ dé òdiwọ̀n tí ìjọba ibẹ̀ fi lélẹ̀, ẹ má tíì tú ebè. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láì fi ajílẹ̀ kún un, ẹ gbẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí ilẹ̀ kan ọ̀rá, kí ẹ sì bu òmíràn fún àyẹ̀wò láti ibẹ̀.